Epo Tó Dànù Lójú Pópó: Ta Ló Ni Ín?

Ẹ̀kọ́ fún ìpàdé ẹgbẹ́

Bíbélì kíkà: Ẹ́kísódù 21:33-34, 2 Sámúẹ́lì 23:13-17, Lúùkù 10:30-37

Ète ẹ̀kọ́: Ní òpin ẹ̀kọ́ yìí, ó yẹ kí olúkúlùkù wa lè (a) sọ ìdí tí epo tó dànù fi ń pa ènìyàn, (b) sọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe bí tánkà bá ṣubú nítòsí wa, (d) tọ́jú ẹni tí iná jó kí a tó gbé e dé ilé ìwòsàn, (e) sọ ojúṣe obìnrin onígbàgbọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí.

ÌFÁÀRÀ

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá lónìí lè dàbí ohun tó yẹ kí àwọn panápaná tàbí ọlọ́pàá máa kọ́ni, kì í ṣe ẹgbẹ́ àwọn obìnrin. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gbé Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ mọ̀ pé ọ̀nà tó gba ìlú wa kọjá kì í ṣe ọ̀nà kékeré. Láti ìhà Èkó ni bẹntiróòlù, dísẹ́ẹ̀lì, kẹrosíìnì àti gáàsì ìdáná ti ń gòkè lọ sí Ìlọrin, Jẹ́bà àti òkè Ọya, àárín wa ni wọ́n sì ń gbà. Iṣẹ́ ọ̀nà oníbejì láàárín Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, tí kò ju nǹkan bí kìlómítà 52 lọ, tí wọ́n gbé fún agbaṣẹ́ṣe ní ọdún 2010, falẹ̀ fún ọdún tó lé ní mẹ́wàá. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ọ̀nà tóóró àtijọ́ ni tánkà, bọ́ọ̀sì, ọlọ́kadà àti ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn jọ ń pín lò. Kò sí ẹni nínú wa tí kò mọ ẹbí kan tí ọ̀nà yẹn ti pa lẹ́kún.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, nígbà tí epo wọ́n gidigidi, àwa kan nínú ẹgbẹ́ wọ bọ́ọ̀sì láti Ọ̀yọ́, a ń lọ bá àwọn arábìnrin wa ṣe ìdúpẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́. A kò tíì rìn jìnnà tí ọkọ̀ fi dúró. Tánkà kan ti ṣubú sínú gọ́tà níwájú, epo sì ń dà jáde lára rẹ̀. Kí a tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, àwọn ènìyàn ti ń sáré bọ̀ láti abúlé àti oko, wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì, garawa, abọ́ ìfọṣọ, kódà ìkòkò ọbẹ̀. Àwọn ọmọ tó wọ aṣọ ilé-ìwé wà láàárín wọn. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó pọn ọmọ sẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi ife gbọ́n epo sínú kẹ́ẹ̀gì.

Awakọ̀ wa pa ẹ́ńjìnì, ó ní kí gbogbo wa sọ̀ kalẹ̀ kí a rìn padà sẹ́yìn. Arábìnrin kan láàárín wa, tí kì í ṣe ènìyàn búburú rárá, dúró, ó bi wá pé, “Ìyá Tíṣà, epo tó ti dànù sílẹ̀, ta ló tún ni ín? Ṣé kí ilẹ̀ mu ún ló dára jù ni?” A kò rí èsì gidi fún un. A kàn fà á lọ́wọ́ pé kó jẹ́ ká máa lọ. Ọlọ́run ṣàánú, iná kò sọ lọ́jọ́ náà. Àwọn tó gbọ́n epo gbé e lọ sílé, àwọn mìíràn sì fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé ojo ni wá.

Èyí tó dùn wá jù ni ohun tí àwa fúnra wa ṣe lẹ́yìn náà. Ní ọjọ́ kẹta, ọmọkùnrin kan gbé kẹ́ẹ̀gì epo kan wá sí ẹnu ọ̀nà wa. Owó tó pè é kò tó ti ilé epo. A rà á fún jẹnẹrétọ̀ kékeré tó wà nílé. A kò béèrè ibi tó ti rí i, nítorí a mọ̀ lọ́kàn wa pé bí a bá béèrè, a kò ní lè rà á mọ́. Ìgbà tí a ń dà á sínú ẹ̀rọ ni a rí iyanrìn àti koríko tó wà nísàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì náà. Ìtìjú mú wa, ṣùgbọ́n a tan iná náà fún alẹ́ mẹ́ta.

Nítorí náà, ẹ̀kọ́ yìí jẹ́ èsì tí a jẹ arábìnrin wa ní gbèsè. Ó sì jẹ́ ìjẹ́wọ́ tiwa pẹ̀lú.

ÌPÍN KÌÍNÍ: OHUN TÓ TI ṢẸLẸ̀ RÍ

Ẹ jẹ́ kí a wo ibi mẹ́rin tí tánkà ti ṣubú, kí a sì kíyè sí bí ó ṣe rí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ní ọjọ́ 12 oṣù keje ọdún 2012, tánkà bẹntiróòlù kan ṣubú ní Okogbe, lójú ọ̀nà East-West ní ìpínlẹ̀ Rivers. Àwọn ará àdúgbò sáré wá gbọ́n epo, àwọn ọlọ́kadà sì dara pọ̀ mọ́ wọn. Iná sọ lójijì. Àwọn tó kú lé ní 90.

Ní ọjọ́ 5 oṣù kọkànlá ọdún 2021, tánkà epo àti ọkọ̀ akẹ́rù kan kọlu ara wọn ní Wellington, ní ìlú Freetown, orílẹ̀-èdè Sierra Leone. Epo ń jò, àwọn ènìyàn rọ́ wá. Iná náà pa ènìyàn tó lé ní 140.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ní alẹ́, tánkà kan ṣubú ní Majiya, ní ìpínlẹ̀ Jigawa. Àwọn ọlọ́pàá gbìyànjú láti lé àwọn ènìyàn sẹ́yìn, ṣùgbọ́n èrò pọ̀ jù wọ́n lọ. Àwọn tó kú lé ní 150, tí wọ́n sì sin ọ̀pọ̀ nínú wọn pọ̀ sínú sàréè kan náà.

Kò pé oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 18 oṣù kìíní ọdún 2025, tánkà mìíràn ṣubú ní oríta Dikko, nítòsí Suleja ní ìpínlẹ̀ Niger. Àwọn òṣìṣẹ́ àjọ tó ń bójú tó ìṣẹ̀lẹ̀ pàjáwìrì sọ pé wọ́n ń fi jẹnẹrétọ̀ fa epo láti inú tánkà tó ṣubú sínú òmíràn nígbà tí iná sọ. Àwọn tó kú lé ní 80.

Ẹ kíyè sí ohun méjì nínú ìtàn wọ̀nyí. Èkíní, kì í ṣe ìjàǹbá ọkọ̀ ló pa ọ̀pọ̀ jùlọ nínú wọn. Ilé wọn tàbí ẹnu iṣẹ́ wọn ni wọ́n wà nígbà tí tánkà ṣubú. Ẹsẹ̀ ara wọn ló gbé wọn débẹ̀. Èkejì, iná kì í sábà sọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àsìkò díẹ̀ máa ń wà láàárín. Àsìkò yẹn ló ń tan ènìyàn jẹ, nítorí ẹni tó dé tó sì rí i pé ogún ènìyàn ti ń gbọ́n epo láìsí ewu yóò rò pé ewu kò sí. Ṣùgbọ́n àsìkò yẹn kan náà ni Ọlọ́run fi sílẹ̀ fún wa láti gba ẹ̀mí là.

Kí a má sì rò pé ẹni tó bá ń gbọ́n epo nìkan ni iná ń pa. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ọdún 2018, tánkà kan ṣubú ní afárá Ọ̀tẹ́dọlá ní Èkó. Iná ran àwọn ọkọ̀ tó wà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Ó kéré tán, ènìyàn 9 kú, ọkọ̀ tó lé ní 50 sì jóná. Àwọn tó jókòó jẹ́ẹ́ nínú ọkọ̀ wọn ni wọ́n.

Ẹ má jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ yìí bú tálákà. Àwa tí a ti kọ́ ọmọ ní ìṣirò rí, ẹ jẹ́ kí a ṣe é díẹ̀. Ní ìgbà tí ti Majiya ṣẹlẹ̀, lítà bẹntiróòlù kan tó nǹkan bíi ₦1,000. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 jẹ́ ₦25,000. Owó oṣù òṣìṣẹ́ tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní ọdún 2024 jẹ́ ₦70,000. Nítorí náà, kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta péré ju owó oṣù kan lọ. Ẹni tí ebi ń pa tó rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tó ń ṣàn lọ nínú gọ́tà, ọkàn rẹ̀ kò ní ṣàì fà sí i. Bí a kò bá gbà pé ìdánwò náà tóbi, a kò ní lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti borí rẹ̀.

ÌPÍN KEJÌ: BÍ EPO ṢE Ń PANI

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé epo tó ń ṣàn ni ewu, pé bí a kò bá ti ṣáná sí i, kò sí nǹkan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe omi bẹntiróòlù gan-an ló ń gbiná, bí kò ṣe oru rẹ̀ tí ojú kò rí. Omi wa níláti gbóná kí oru tó pọ̀ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n bẹntiróòlù kò nílò kí a gbé e kaná. Kódà ní ilẹ̀ òyìnbó níbi tí omi ti ń dì, oru tó lè gbiná ń jáde lára rẹ̀.

Oru yìí wúwo ju atẹ́gùn lọ. Kì í gòkè bí èéfín igi. Ńṣe ló máa ń rákò lórí ilẹ̀, ó ń wọ gọ́tà, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ibi tó rẹlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a rántí àwọn ìyá wa tó ń din àkàrà, tó ń sun àgbàdo àti bọ̀ọ̀lì lẹ́bàá ọ̀nà. Epo lè máa dà ní ibi kan, kí oru rẹ̀ sì rìn jìnnà lọ bá iná àkàrà ní ìsàlẹ̀. Bí ó bá ti kan iná náà, iná yóò sáré padà tọ ibi tí epo wà láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Àwọn tó dúró sínú epo náà kò ní rí àyè sá.

Kì í ṣe iná àkàrà nìkan. Ẹ́ńjìnì ọkọ̀, sáléńsà ọ̀kadà tó gbóná, jẹnẹrétọ̀, sìgá, bátìrì ọkọ̀ tí wáyà rẹ̀ kan ara wọn, garawa irin tí a wọ́ lórí ọ̀dà, gbogbo wọn ló lè mú iná jáde.

Dísẹ́ẹ̀lì àti kẹrosíìnì kì í tètè gbiná bíi bẹntiróòlù, ṣùgbọ́n kí a má fi èyí tan ara wa jẹ. Inú tánkà kan lè pín sí yàrá mẹ́rin tàbí márùn-ún, tí oríṣi epo inú wọn lè yàtọ̀ síra. Ohun tó dà pọ̀ nínú gọ́tà, kò sí ẹni tó mọ ohun tó jẹ́. Ẹni tó bá gbé e lọ sílé pé kẹrosíìnì ni, tó sì rọ ọ́ sínú sítóòfù tàbí àtùpà, lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú ìbúgbàù wọ ilé ìdáná. Dísẹ́ẹ̀lì tó dà sórí ọ̀dà sì máa ń yọ̀ gidigidi. Ọlọ́kadà tó bá gorí rẹ̀ lè ṣubú pẹ̀lú ìyá àti ọmọ tó gbé.

Gáàsì ìdáná burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá ń jò, ó lè dàbí ìkùukùu funfun nílẹ̀. Òun náà ń rákò bí oru bẹntiróòlù. Bí iná bá ń jó abẹ́ tánkà gáàsì, tánkà náà lè bú, kí irin rẹ̀ sì fò lọ jìnnà.

Epo nìkan kọ́ ló ń dà lójú ọ̀nà wa. Àwọn ọkọ̀ tó ń kó òògùn apakòkòrò, òògùn apakoríko àti ajílẹ̀ lọ fún àwọn àgbẹ̀ ń kọjá níwájú wa. Bí ìrẹsì tàbí ẹ̀wà bá dà pọ̀ mọ́ irú ẹrù bẹ́ẹ̀ nínú ìjàǹbá, kò ṣe é kó jẹ, bí a tilẹ̀ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Gálọ́ọ̀nù òògùn tí a ṣà lójú ọ̀nà kò sì ṣe é fi pọn omi tàbí rọ epo pupa sí.

ÌPÍN KẸTA: OHUN TÍ BÍBÉLÌ FI YÉ WA

(1) Ẹ́kísódù 21:33-34. Òfin Mósè sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó gbẹ́ kòtò tí kò sì bò ó. Bí ẹran ẹlòmíràn bá ṣubú sínú rẹ̀, ẹni tó gbẹ́ kòtò ni yóò san án. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wé ọ̀rọ̀ wa. Ẹni tó rán tánkà jáde pẹ̀lú bíréèkì tó ti kú àti táyà tó ti họ, tí kò fi ìdérí tó lè dá epo dúró sí i bí ó bá ṣubú, kòtò ló gbẹ́ tí kò bò. Ẹni tó yẹ kó tún ọ̀nà ṣe tí kò tún un ṣe, òun náà ní ìpín nínú kòtò náà. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń kìlọ̀ fún aládùúgbò wa pé kó má gbọ́n epo, a kò gbọdọ̀ dákẹ́ lórí ẹ̀bi àwọn tó lágbára. Ó dára pé ní ọdún 2025, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ epo pàṣẹ pé tánkà tó ń gbé ju lítà 60,000 lọ kò gbọdọ̀ gbé epo mọ́ láti oṣù kẹta ọdún náà. Àṣẹ dára, ṣùgbọ́n ìmúṣẹ ló ń gba ẹ̀mí là.

(2) 2 Sámúẹ́lì 23:13-17. Òùngbẹ omi kànga Bẹ́tílẹ́hẹ́mù gbẹ Dáfídì. Àwọn akọni mẹ́ta la ibùdó ọ̀tá já, wọ́n pọn ọ́n wá fún un. Dáfídì kọ̀, kò mu ún. Ó dà á sílẹ̀ níwájú Olúwa, nítorí ó rí i pé ẹ̀mí àwọn ọkùnrin náà ni wọ́n fi wewu kí omi náà tó dé ọwọ́ òun. Omi náà mọ́, kò sì sí ẹni tó jí i. Síbẹ̀, Dáfídì wo iye tó ná àwọn tó gbé e wá. Àwa kò ṣe bẹ́ẹ̀. A rí iyanrìn nínú kẹ́ẹ̀gì, a sì tan iná. Ẹni tó ń ra epo àgbọ́nwá ló ń jẹ́ kí ó wu ọmọ aláìní láti sáré lọ gbọ́n ọn. Bí kò bá sí olùrà, kí ni ọmọ yẹn ì bá fi kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá ṣe?

(3) Lúùkù 10:30-37. Ará Samáríà rí ẹni tó gbọgbẹ́ lójú ọ̀nà Jẹ́ríkò, kò kọjá lọ. Ẹnìkan lè béèrè pé, bí awakọ̀ bá há sínú tánkà, ṣé kí a wá sá ni? Àwọn baba wa ní bí iná bá ń jóni tó sì ń jó ọmọ ẹni, tara ẹni là á kọ́kọ́ gbọ̀n. Ọ̀rọ̀ ìmọtara-ẹni-nìkan kọ́ ni. Ẹni tó bá jóná kò lè yọ ẹlòmíràn nínú iná. Ìfẹ́ wa lọ́jọ́ náà ni kí a pe àwọn tó mọ iṣẹ́ náà kíákíá, kí a sì dá èrò dúró kí ọgọ́rùn-ún má bàa kú lé ọ̀kan lórí. Ará Samáríà náà lo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀: òróró, wáìnì, ẹranko rẹ̀ àti owó rẹ̀. Tiwa ni ohùn wa, ẹsẹ̀ wa, àti ọ̀wọ̀ tí àdúgbò ní fún wa.

Ní báyìí a lè dá arábìnrin wa lóhùn. Ta ló ni epo tó dànù? Ní òfin, ẹni tó rà á ló ṣì ni ín. Ṣùgbọ́n ní wákàtí yẹn, iná ló ni ín. Iná sì lè wá gba ohun rẹ̀ nígbàkígbà.

ÌPÍN KẸRIN: OHUN TÓ YẸ NÍ ṢÍṢE

1. Ẹ jìnnà sí i. Bí epo bá ń dà láìsí iná, ẹ fi ó kéré tán 300 mítà sílẹ̀, ìyẹn bíi gígùn pápá bọ́ọ̀lù mẹ́ta. Bí tánkà epo bá ń jó, ẹ jìnnà tó 800 mítà. Bí ó bá jẹ́ tánkà gáàsì ni iná ń jó, ẹ jìnnà tó 1,600 mítà, èyí tó jẹ́ máìlì kan.

2. Ẹ wo ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Ẹ ju ìborùn sókè díẹ̀, yóò fi hàn yín. Ẹ lọ sí ìhà tí atẹ́gùn ti ń bọ̀, kí ẹ sì lọ sí ibi gíga. Ẹ má lọ sí ìsàlẹ̀, ẹ má sì dúró nínú gọ́tà.

3. Ẹ pa iná tó wà lọ́nà jíjìn kí oru tó dé ibẹ̀: iná àkàrà, ààrò, sítóòfù, jẹnẹrétọ̀. Bí ẹ bá ti ń gbóòórùn epo níbi tí ẹ wà, ẹ fi ohun gbogbo sílẹ̀ kí ẹ máa lọ. Ẹ má tan iná mànàmáná, ẹ má sì ṣí ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà níbẹ̀.

4. Ẹ pè fún ìrànlọ́wọ́ láti ọ̀nà jíjìn. Nọ́ńbà Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ni 122. Nọ́ńbà pàjáwìrì fún gbogbo orílẹ̀-èdè ni 112. Ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni 615. Ẹ sọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀ gan-an, ohun tí tánkà náà gbé bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, bóyá ó ń jò tàbí ó ń jó, àti bóyá ènìyàn ti fara pa. Bí tánkà náà bá ní pátákó aláwọ̀ ọsàn lára, tí ẹ sì lè rí i láìsún mọ́ ọn, ẹ ka nọ́ńbà rẹ̀ fún wọn. 1203 ni bẹntiróòlù, 1202 ni dísẹ́ẹ̀lì, 1223 ni kẹrosíìnì, 1075 ni gáàsì ìdáná.

5. Ẹ dá ọkọ̀ dúró ní ìhà méjèèjì. Ẹ fi ewé àti ẹ̀ka igi sójú ọ̀nà ní ibi tó jìnnà, kí awakọ̀ lè tètè rí i.

6. Ẹ mú àwọn ọmọdé. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Iṣẹ́ yìí gan-an ni ti àwọn ìyá. Ọmọ tí kò gbọ́ ti ọlọ́pàá lè gbọ́ ti ìyá rẹ̀.

7. Ẹ má da omi sí bẹntiróòlù. Bẹntiróòlù fúyẹ́ ju omi lọ, orí omi ni yóò léfòó sí, omi yóò sì gbé e lọ ibi tí kò dé tẹ́lẹ̀. Bí ó bá jẹ́ dísẹ́ẹ̀lì díẹ̀ ló kán sílẹ̀ níwájú ilé, iyanrìn gbígbẹ tàbí èérún pákó láti sọ́míìlì ni kí a dà sí i, kí a sì gbá a kúrò.

ÌPÍN KARÙN-ÚN: ÌTỌ́JÚ ẸNI TÓ FARA PA

Bí aṣọ bá gbiná lára ènìyàn, kó má sáré. Kó dúró, kó dùbúlẹ̀, kó máa yí gbirigbiri nílẹ̀ títí iná yóò fi kú.

Ojú ibi tí iná jó, omi tútù tó mọ́ ni kí a máa dà sí i fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ yọ òrùka àti ẹ̀gbà kí ara tó wú. Ẹ má fa aṣọ tó ti lẹ̀ mọ́ ara. Ẹ má fi epo pupa, ẹyin, iyọ̀, ìpara ìfọyín tàbí epo ẹ́ńjìnì pa á. A mọ̀ pé àwọn ìyá àgbà wa ń ṣe é, wọ́n sì ṣe é pẹ̀lú ìfẹ́, ṣùgbọ́n ó ń mú kí ooru há sínú ara, kí egbò sì kẹ̀. Aṣọ mímọ́ ni kí a fi bò ó, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.

Bí epo bá rin aṣọ ènìyàn láìgbiná, kó bọ́ aṣọ náà jìnnà sí iná, kó sì fi ọṣẹ àti omi wẹ̀. Bí ó bá ta sí ojú, omi mímọ́ ni kí a máa dà sí i fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Èyí ṣe pàtàkì púpọ̀: bí ọmọ bá mu kẹrosíìnì, tàbí tí ẹnìkan fi ẹnu fa epo tó sì gbé e mì, ẹ má rọ epo pupa fún un, ẹ má sì ṣe ohun tí yóò mú un bì. Bí ó bá bì, epo náà lè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, ibẹ̀ ló sì ti ń pani. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

ÌPÍN KẸFÀ: LẸ́YÌN TÍ ÈRÒ BÁ TÚ KÁ

Epo tó wọnú ilẹ̀ kò tán síbẹ̀. Ó lè rìn lọ sínú kànga àti odò. Ní Baruwa, lẹ́bàá Ìpájà ní Èkó, epo tó jò láti inú páìpù abẹ́ ilẹ̀ ní àwọn ọdún 1990 ba omi kànga jẹ́, àwọn ará ibẹ̀ sì jìyà rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nítorí náà, bí tánkà bá ṣubú nítòsí kànga tàbí odò wa, ẹ má mu omi náà, ẹ má fi se oúnjẹ bí ó bá ń rùn epo. Síse kò lè mú epo kúrò nínú omi. Ẹ má sì tan ìṣáná wo inú irú kànga bẹ́ẹ̀ láé. Kí a fi tó àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ìjọba ìbílẹ̀ létí.

ÌPÍN KEJE: IṢẸ́ ẸGBẸ́ WA

Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́ wa yìí ló kọ́kọ́ dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1977, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká ṣe aṣáájú rẹ̀, kí ìjọba àpapọ̀ tó dá ti gbogbo orílẹ̀-èdè sílẹ̀ ní ọdún 1988. Kì í ṣe ohun àjèjì fún wa láti bẹ̀rẹ̀ ohun rere. Àwa ará Ọ̀yọ́ kò sì tíì gbàgbé òru oṣù kìíní ọdún 2020 tí ọjà Akẹ̀sán jóná. A mọ ohun tí iná ń ṣe.

A dábàá ohun mẹ́rin. Èkíní, kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan pe àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tàbí panápaná wá sí ìpàdé kan lọ́dún láti kọ́ wa. Èkejì, kí a kọ àwọn nọ́ńbà mẹ́ta náà sára ògiri gbọ̀ngàn ìjọ àti sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé wa. Ẹ̀kẹta, kí a bá àwọn arábìnrin tó ń tajà lẹ́bàá ọ̀nà sọ̀rọ̀ nípa iná wọn, kí olúkúlùkù ní garawa iyanrìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Ẹ̀kẹrin, kí gbogbo wa pinnu pé a kò ní ra epo tí a kò mọ orísun rẹ̀. Èyí ló le jù. Ó sì ti lé ní ọdún díẹ̀ tí àwa tí a ń kọ ẹ̀kọ́ yìí ti ń pa á mọ́. Ọmọkùnrin náà tún padà wá lẹ́ẹ̀kan sí i. A fún un ní oúnjẹ, a bá a sọ̀rọ̀, a kò ra epo rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìdí tí iná kì í fi sábà sọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí tánkà bá ṣubú? Báwo ni a ṣe lè lo àsìkò náà?
2. Bí ọmọ rẹ bá gbé kẹ́ẹ̀gì epo wọlé láti ibi ìjàǹbá, kí ni wàá sọ fún un? Kí ni wàá fi epo náà ṣe?
3. Ta ló gbẹ́ kòtò nínú ọ̀rọ̀ tánkà tó ṣubú? Ọ̀nà wo ni ẹgbẹ́ wa lè gbà bá wọn sọ̀rọ̀?
4. Èwo nínú ìtọ́jú iná tí a mọ̀ láti ilé ló yẹ kí a fi sílẹ̀?
5. Ka 2 Sámúẹ́lì 23:13-17 lẹ́ẹ̀kan sí i. Yàtọ̀ sí epo, ohun wo ni à ń rà lówó pọ́ọ́kú tí ẹ̀mí ẹlòmíràn wà nínú rẹ̀?

IṢẸ́ ṢÍṢE: Kí arábìnrin kọ̀ọ̀kan kọ́ ènìyàn méjì tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ ní ohun méje tó wà ní ìpín kẹrin, kó sì jábọ̀ ní ìpàdé tó ń bọ̀.

ÀDÚRÀ: Olúwa, dá wa sí lójú ọ̀nà tí à ń rìn lójoojúmọ́. Dárí jì wá níbi tí a ti jẹ èrè ewu ẹlòmíràn. Tu àwọn ìyá tó pàdánù ọmọ nínú iná nínú. Fún wa ní ohùn láti kìlọ̀, àti ọwọ́ láti fún ẹni tí ebi ń pa ní oúnjẹ, kí ọ̀fẹ́ má bàa pa á. Ní orúkọ Jésù Krístì Olúwa wa. Àmín.